Ẹ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Kí Ẹ Tó Sanwó: Ọ̀rọ̀ Tọ́bò Nínú Ọkọ̀ Kékeré

  Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dáńfó tí ẹ ki earpiece bọ etí, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù torí pé data kò tó láti gbọ́ ohùn mi, ẹ kú àmúmọ́ra. Láti Ìgànmú níbí ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ fèrè tírélà lábẹ́lẹ̀, ẹ má bínú, ojú ọ̀nà Àpápá kò jìnnà sí wa, wọn kì í sùn.

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe èyí tí mo múra sílẹ̀ fún. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin fi àwòrán ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Honda Civic 2017, tòkunbọ̀, aláwọ̀ eérú, ó ń dán gbinrin. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tó ń tà á ní tọ́bò ni, pé kì í mu epo, ó sì ń sáré. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ sanwó." Ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, àti oúnjẹ tó ń sè tó sì ń gbé fún àwọn oníbàárà káàkiri Sùúrùlérè, gbogbo wọn ni ọkọ̀ yẹn máa gbé. Owó tó fẹ́ fi rà á, àjọ ọdún mẹ́ta ni, pẹ̀lú èyí tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀. Kì í ṣe pé Civic burú o. Èmi náà ti ra ọkọ̀ tọ́bò rí ni, ojú mi sì rí nǹkan.

Ọdún 2021 ni mo ra tèmi. Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó tà á fún mi, torí pé nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìtàn náà tán, ẹ máa rí i pé ọwọ́ mi ni ẹ̀bi pọ̀ sí jù. Mo wo péńtì, mo wo síìtì, mo tan AC, ó tutù bíi báńkì. Ó parí, mo sanwó. Mi ò tilẹ̀ bèèrè irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀. Ó tó oṣù kan kí mẹkáníìkì mi ní Orílé-Ìgànmú tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó wò mí lójú, tó ní, "Àbúrò, ta ló rán ẹ sí tọ́bò?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé tọ́bò bí òun ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní ṣé mo mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ? Iná tí wọn kò fẹ́ ẹwìrì sí, ó kàn ń jó jẹ́jẹ́ ni. Iná tí ẹwìrì ń fẹ́, irin ló ń yọ́. Tọ́bò ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì. Èéfín tó yẹ kó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde lásán, wọ́n mú kó máa yí fáànù kékeré kan. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so fáànù yẹn mọ́ òmíràn. Bí èéfín ṣe ń yí ti àkọ́kọ́, ìkejì náà ń yí, ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó ń kì í wọ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo lè pọ̀ sí i, iná á le. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe lè ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá. Kì í ṣe nǹkan tuntun o. Alfred Büchi, ará Switzerland, ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ láti ọdún 1905.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Èéfín tó ń gbóná bí iná wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ohun tó gbà á dúró, tí kò jẹ́ kó fi ara gbo irin mìíràn, kò ju ọ́ìlì lọ, ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Bí ọ́ìlì yẹn bá ti di dúdú, tó ti kí, tàbí tó ti dín, irin á kan irin. Kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́ gbogbo èyí. Mo mi orí. Mo lọ sílé.

Nígbà tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ẹ rántí. Lítà kan tí kò tó ₦200 di ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí oṣù keje sì tó parí, ó ti kọjá ₦560. Ibi tí mo ti fẹ́ fi owó pamọ́ ni ọ́ìlì. Mo ní, èyí tó wà nínú rẹ̀ ṣì máa gbé e. Oṣù mẹ́ta di márùn-ún, márùn-ún di méje. Nígbà yẹn kan náà, omi inú rédíétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo rí àmì pupa rúsúrúsú kan lábẹ́ ọkọ̀ láràárọ̀. Kí ni mo ṣe? Mo ra pure water, mo já a lẹ́nu, mo dà á sí i. Lójoojúmọ́. Mo tilẹ̀ fi àpò pure water sí búùtù bí ẹni tó fẹ́ ṣe òkú ìyá àgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, mo gbé ìyá mi láti ọ̀dọ̀ dókítà ní Ìdí-Àràbà. Àwọn tírélà ti dí Costain pa. Mo rí i tí ọwọ́ tó ń fi ìgbóná hàn ń gòkè. Mo pa AC. Ó ṣì ń gòkè. Mo ní ó kù díẹ̀ ká délé, ẹ má wo bí mo ṣe gọ̀ tó, ilé mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láti ibẹ̀. Dípò kí n pa ẹ́ńjìnnì, mo ń wà á lọ. Lẹ́yìn náà ni èéfín funfun bo iwájú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú fúnra rẹ̀. Mo bá ìyá mi sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó sórí kọ́ńkéré àárín títì, káàdì ilé ìwòsàn lọ́wọ́, oòrùn ń pa á. Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ń kọjá lókè lọ sí ibùdókọ̀ National Theatre, ẹ̀rọ amúlétutù nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ń wò wá láti ojú fèrèsé. Ìyá mi gbé ojú sókè wò ó, ó tún wò mí. Kò sọ nǹkan kan. Ì bá sàn kó bú mi.

Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, orí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ti tẹ̀. Tọ́bò ti gbẹ. Mẹkáníìkì ní tí a bá ní ká tún un ṣe, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odindi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ míì ní Ládípọ̀. Ládípọ̀ la lọ. Oṣù márùn-ún ni mo fi san gbèsè náà tán. Ìyá mi kò wọ ọkọ̀ mi fún oṣù mẹ́rin. Ó ní dáńfó kò tíì já òun sílẹ̀ sí Costain rí.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí kí n tó bá a wo ọkọ̀ kankan. Ọkọ̀ kan náà, orúkọ kan náà, ọdún kan náà, ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá ní "Civic ni mo fẹ́ rà" kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ mú Civic tó jáde ní 2016 sí 2021, ìyẹn ìran rẹ̀ kẹwàá. Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní ẹ́ńjìnnì méjì tó wọ́pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ 2.0 lítà tí kò ní tọ́bò, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 158. Ìkejì jẹ́ 1.5 lítà tó ní tọ́bò, ẹṣin 174. Ìyàtọ̀ ẹṣin mẹ́rìndínlógún. Lórí Third Mainland ní aago márùn-ún ìdájí, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Láti Ìgànmú dé Òjúẹlẹ́gba ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ńkọ́? Ìwọ àti Kórópe ni ẹ jọ máa dé.

Jetta yàtọ̀. Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í fi 1.8 lítà onítọ́bò rọ́pò 2.5 tí kò ní tọ́bò nínú Jetta Amẹ́ríkà ti ọdún 2014. Nígbà tó fi máa di ti 2016, 1.4 onítọ́bò ti gba ipò 2.0 tó jẹ́ ti mẹ̀kúnnù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti 2016, tí ẹ bá ra Jetta Amẹ́ríkà, tọ́bò lẹ rà, ẹ fẹ́ ẹ kọ̀. (Àwọn bàbá wa tó wa Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry níbẹ̀ yẹn, kò sí rédíétọ̀ nínú tiwọn rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dà pure water síbì kankan. Ó kàn ń pariwo ni.)

Chevrolet Cruze ti 2011 sí 2015, èyí tó pọ̀ ní ìgboro wa nítorí pé kò wọ́n: 1.8 tí kò ní tọ́bò wà, 1.4 onítọ́bò wà, agbára àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí ẹṣin 138. Onítọ́bò náà tètè ń fà láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ló dùn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́ńpù omi rẹ̀ di ohun tí General Motors fúnra wọn ní láti fa àkókò àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ gùn ní Amẹ́ríkà, ike tí omi ń gbà kọjá lára ẹ́ńjìnnì náà sì máa ń sán bó bá ti gbó. Tí ẹ bá ń wo Cruze onítọ́bò, ibi omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun rere kan wà lára rẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sọ: epo rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn fáàfù wọlé, nítorí náà epo ń fọ fáàfù bó ṣe ń lọ. Civic 1.5 àti Jetta onítọ́bò, inú ibi tí iná ti ń jó gan-an ni epo ń tú sí. Ìyẹn dára fún ìnáwó epo, àmọ́ kò sí ohun tó ń fọ ẹ̀yìn fáàfù, èédú á máa dì mọ́ ọn. Bó bá pẹ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n lówùúrọ̀, wọ́n á sì ní láti tú u kí wọ́n ha á.

Mo tún gbọ́ táwọn kan ń sọ pé epo Nàìjíríà ni kò dára fún tọ́bò. Ẹ rọra. Civic 1.5 àti Jetta 1.4 yìí, epo tó kéré jù lórí pọ́ńpù Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe wọ́n fún, èyí tí wọ́n ń kọ 87 sí. Ọ̀nà ìṣirò tiwọn yàtọ̀ ni, 87 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú 91 tí àwọn orílẹ̀-èdè míì ń kà. Ohun tí ẹ ní láti bẹ̀rù ni epo tí wọ́n ti pò nǹkan mọ́. Ẹ rántí oṣù kejì 2022 tí NNPC jáde wá sọ pé methanol ti pọ̀ jù nínú epo tó wọlé láti òkè òkun, tí ìlà gùn káàkiri Èkó. Ẹ mú ilé epo kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ dúró tì í.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Ọ́ìlì, ọ́ìlì, ọ́ìlì. Mo lè dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Ìwé ọkọ̀ máa sọ pé ẹ lè rìn jìnnà kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ka ìwé náà dáadáa, ẹ máa rí ibi tó ti ní bí ọkọ̀ bá ń dúró, tó ń lọ, tó ń dúró, nínú ooru àti eruku, kí ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ ìyẹn kò mọ Costain, ṣùgbọ́n Costain ló ń sọ. Nínú irú súnkẹrẹ fàkẹrẹ tiwa, ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì kí ọkọ̀ má sì rìn ju kìlómítà mẹ́wàá. Kìlómítà kò ní sọ òótọ́ fún yín. Ní tèmi, kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́rin, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Mo ń kọ ọ́ sínú fóònù mi.

Irú ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì. Civic yẹn ń fẹ́ 0W-20. Cruze ń fẹ́ 5W-30 tí wọ́n kọ dexos1 sí lára. Jetta 1.8 àti 1.4 ti ìgbà yẹn ń fẹ́ èyí tí wọ́n kọ VW 502 00 sí. Bí mẹkáníìkì yín bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun da 20W-50 sí i torí pé "ó nípọn, ó máa pẹ́," ẹ sọ fún un pé ẹ dúpẹ́. Ihò tí ọ́ìlì ń gbà dé ọ̀dọ̀ tọ́bò tín-ín-rín, ọ́ìlì tó nípọn kì í tètè débẹ̀ lówùúrọ̀. Ayédèrú ọ́ìlì náà pọ̀ nígboro. Gálọ́ọ̀nù tí ẹ bá ti lò tán, ẹ gún un nídìí kí ẹ tó jù ú nù, kí wọ́n má bàa rọ ìdọ̀tí sínú rẹ̀ padà tà fún yín.

Omi: kì í ṣe pure water. Kúláǹtì tó bá ọkọ̀ mu ni. Tí omi bá ń dín, ó ń lọ síbì kan, ẹ wá ibẹ̀ kí ẹ tó máa dà á kún. Bí ìgbóná bá sì ti gòkè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. LASTMA á wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Owó tí ẹ máa san fún wọn kò tó ti Ládípọ̀. Nípa fílítà afẹ́fẹ́, ẹ wò ó nígbà gbogbo tí ẹ bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì, eruku tírélà ọ̀nà Àpápá kì í ṣe eréi. Tí ẹ bá sì ti sáré dáadáa, bíi pé ẹ wá láti Ìbàdàn lórí máńsé, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á.

Ó dáa, àbúrò mi. Mo ní kó gba VIN lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọkọ̀, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún yẹn. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan wà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, NHTSA ni wọ́n ń pè é. Lórí ìkànnì wọn, ẹ lè tẹ VIN sí i lọ́fẹ̀ẹ́, ó máa sọ irú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sí i, ẹ sì lè wò ó bóyá wọ́n ti ní kí wọ́n dá irú ọkọ̀ náà padà fún àtúnṣe tí wọn kò tíì ṣe. Orí fóònù ni, kò gba ìṣẹ́jú méjì. VIN ní 1.5 ni lóòótọ́.

Èmi, òun àti mẹkáníìkì mi bá lọ wò ó láàárọ̀ Sátidé. A ti sọ fún ọkùnrin náà ṣáájú pé kó má tan ọkọ̀ náà kí a tó dé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tútù kì í purọ́. Èéfín aláwọ̀ aró lówùúrọ̀, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò tán, omi ni. A dé. Mẹkáníìkì mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ ọ́ kíá. Ó gbóná. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ti jí." Ọkùnrin náà ní òun kàn gbé e jáde láti ẹ̀yìn ilé ni. Mẹkáníìkì ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó fi ìka kàn án, ó fi hàn mí. Nǹkan kan wà lábẹ́ ìdérí náà tó funfun bí ògì. Omi ti ń dé inú ọ́ìlì. A ní kí ó jẹ́ ká padà wá ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ẹlòmíì ti fẹ́ sanwó.

Àbúrò mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní mo ti ba ọjà òun jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ló pè mí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, tí ó bá jẹ́ pé tiyín ni, èwo lẹ máa rà?" Mo sọ òótọ́ fún un. Ọkọ̀ tó máa dúró ní ogún ibi lójúmọ́ láti já oúnjẹ sílẹ̀, tí kò ní rìn ju Bode Thomas sí Ìgànmú lọ, kò nílò ẹwìrì. 2.0 ni. Tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn ló ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ní owó ọ́ìlì àti kúláǹtì tí kò ní fọwọ́ kàn fún nǹkan míì, mi ò ní dí i lọ́nà, èmi gan-an ṣì ń wa tọ́bò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ báyìí tí mo ti mọ ohun tó ń jẹ.

Ó ti rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. 2.0, ọdún 2016, ọwọ́n rẹ̀ fi díẹ̀ ju èyí tí a kọ̀ lọ, a sì bá a tútù ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ó ti ń ráhùn pé ọ̀rẹ́ òun tó ní onítọ́bò ń fi òun sílẹ̀ ní Eric Moore. Mo ní kó máa pàdé rẹ̀ ní iná ìdádúró ọkọ̀ tó wà níwájú.

Sátidé tó ń bọ̀, ó ń gbé e bọ̀ wá sí Ìgànmú fún ọ́ìlì àkọ́kọ́. Mo ti ra fílítà sílẹ̀. Ìyá wa náà ń bọ̀, ó ní inú ti àbúrò mi lòun máa jókòó sí. Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi tí ẹ bá ní ọkọ̀ tí ẹ ń wò lọ́wọ́, ẹ fi VIN sí i, kí ẹ sì ya àwòrán ìdérí ọ́ìlì pẹ̀lú, inú rẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yìn. Ó dàárọ̀.